Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Ru Adàwékọ Lọ sí Ẹnubodè Afẹ́fẹ́

Ẹ sún mọ́ ààrin, ẹ̀yin tí òjò lé wọ abẹ́ àtíbàbà mi. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́, kí ó gbé e síwájú mi, nítorí ẹnu tí ń rojọ́ kì í pẹ́ kí ebi tó pa á. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé òun yóò tòògbé, kí ó jáde padà sínú òjò nísinsìnyí, nítorí èmi kì í pìtàn fún ẹni tí ń hanrun. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti gbá ẹfọ̀n létí rí, mo ti bá iwin jẹ iṣu sísun nínú abọ́ kan náà, mo sì jẹ ẹ́ tán kí iwin náà tó bu òkèlè kejì. Ṣùgbọ́n ìtàn ti òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́jìnmí ni, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń dẹ igbó láti ìgbà tí irùngbọ̀n wa kò tíì hù. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́ fún mi, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ọkàn rẹ̀ rò, títí kan èyí tí àgbàlagbà máa ń tijú láti sọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ayé ti yí ọdẹ padà. Ọdẹ tí ń lé ẹran nígbà kan ni wọ́n gbé àga fún lẹ́nu géètì, kí ó máa bi àlejò pé ta ni wọ́n ń wá. Báyìí ni Ọdẹ́jìnmí ṣe di ọdẹ ilé ìwòsàn Òkè-Ìtura. Mátírọ́ọ̀nù ni olórí ibẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, Àwẹ̀ró sì ni oríkì rẹ̀. Bí ó bá ti ń wọlé láàárọ̀, gbogbo arúgbó tí ó wá gba oògùn a máa kí i pé, "Àwẹ̀ró, ẹ kú àárọ̀ o!" Inú rẹ̀ a dùn, yóò sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ìyẹn sì nìkan ni ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni yóò rí lẹ́nu rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nínú ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù yìí ni Adàwékọ ń gbé. Ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹlẹ́mìí ni. Ikùn rẹ̀ tóbi, dígí ni àyà rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni ó ní, ojú náà a sì máa tàn yòò, a máa rìn láti apá kan dé apá kejì lábẹ́ dígí. Ìwékíwèé tí ẹ bá gbé lé e láyà, yóò wò ó, yóò kọ́ ọ sórí, yóò sì fi í ránṣẹ́ gba ojú afẹ́fẹ́ lọ sí ibikíbi tí ẹ bá fẹ́. Lẹ́tà afẹ́fẹ́ yìí ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní ímeèlì. Gbogbo lẹ́tà afẹ́fẹ́ ni ó gbọdọ̀ gba Ẹnubodè Afẹ́fẹ́ kọjá, àwọn oníbodè ibẹ̀ a sì máa bi ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Adàwékọ fi ń dáhùn bákan náà: "Ará Òkè-Ìtura ni mí. Ọ̀rọ̀ àṣírí mi ni Àwẹ̀ró."

Ẹ gbọ́ o! Ohun tí gbogbo arúgbó ìlú ń ké ní gbangba láràárọ̀ ni wọ́n fi ṣe àṣírí. Ta ni ń fi ewé bora níwájú ewúrẹ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, mo mọ ohun tí ẹ fi ṣe tiyín.

Nígbà tí ó ku oṣù mẹ́ta kí àwọn oníbodè yí òfin wọn padà, ẹyẹ funfun kan já ìwé kan lé Ọdẹ́jìnmí lọ́wọ́ lẹ́nu géètì. Ọdẹ́jìnmí yí ìwé náà sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Kò mọ̀wé kà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé kò mọ̀wé ní Òkè-Ìtura, nítorí bí ìwé bá dé, a máa gbójú lé e, a máa mi orí bí ẹni pé ó ń kà á. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí ó bèèrè. Ó fi ìwé náà pọ́n áṣáà rẹ̀. Oṣù kejì, ẹyẹ náà tún mú òmíràn wá, ó tún fi pọ́n áṣáà. Ẹ̀kẹta ní èdìdì pupa lára. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, ó fi í sábẹ́ tìmùtìmù àga rẹ̀, ó sì jókòó lé e.

Ohun tí ó wà nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: bí oṣù tuntun bá ti lé, ìránṣẹ́ tí ó bá sọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan kò ní kọjá lẹ́nubodè mọ́. Kí ilé kọ̀ọ̀kan wá gba àrokò fún ìránṣẹ́ rẹ̀.

Oṣù lé. Lọ́jọ́ kẹta tí ó lé, wọ́n gbé Ìbíyẹmí wọ ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọdẹ́jìnmí bí. Ahunṣọ ni. Òfì rẹ̀ a máa dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ni ó fi ń tẹ ìtẹsẹ̀ òfì náà tí ó fi ń jẹun. Ìṣó tí ó ti dípẹtà ni ó gún un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ náà sì wú dé orúnkún. Dókítà ya àwòrán egungun rẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ, ó di Ìlú Àwọn Oníṣẹ́-Abẹ lókè odò, àwọn ni yóò wo àwòrán náà kí wọ́n sọ ibi tí a ó gbé abẹ gbà.

Wọ́n gbé àwòrán lé Adàwékọ láyà. Ó wò ó, ó rán an. Kò pẹ́ tí èèyàn yóò fi mí kanlẹ̀, lẹ́tà náà ti padà, ó lu ilẹ̀ gbì níwájú wọn. Wọ́n tún rán an, ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Adàwékọ ní, "Wọ́n ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí mi kò tó mọ́. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mẹta."

Mátírọ́ọ̀nù pariwo, "Ìwé wo? Ta ló gbà á?"

Ọdẹ́jìnmí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Dókítà nu ojú rẹ̀, ó ní, "Baba, bí èsì ò bá dé kí oòrùn ọ̀tunla tó wọ̀, ẹ̀mí ọmọ yìí la máa dù o. Láti orúnkún la máa ti gé ẹsẹ̀ náà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́jìnmí lára bí ọ̀bẹ. Ó mọ̀ pé òun ni. Áṣáà tí ó fà láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú ìwé náà ni ó ti bù ú. Kò lè sọ ọ́. Ohun tí ó lè sọ nìkan ni ó sọ: "Ẹ gbé Adàwékọ rù mí. Màá rù ú dé ẹnubodè náà fúnra mi."

Ó ká òṣùká lé orí, wọ́n gbé Adàwékọ kà á, àwòrán egungun Ìbíyẹmí sì wà nínú ikùn rẹ̀. Ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì wọ igbó.

Igbó àkọ́kọ́ tí ó wọ̀ ni Igbó Àdápadà, níbi tí gbogbo lẹ́tà tí kò rí ọ̀nà kọjá lẹ́nubodè ti ń kó jọ. Wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi bí àdán, ohùn ẹni tí ó kọ wọ́n sì ni wọ́n fi ń sunkún. Ọ̀kan ń ké pé, "Ìyá mi, mo ti bímọ o, ọkùnrin ni." Òmíràn ń ké pé, "Má lọ, dúró dè mí, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì." Wọ́n jábọ́ lé Ọdẹ́jìnmí, wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ àti àyà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé òun lọ. Ẹ̀yin ará, ó ní bí òun ti ń já ọ̀kan kúrò lára ni ọkàn òun ń já pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kan kò lè ru ẹrù gbogbo ayé, kí ó tún ru ti ọmọ rẹ̀.

Ìgbà tí ó dé àárín igbó, iwin kan dìde níwájú rẹ̀ tí ara rẹ̀ jẹ́ kìkì bébà, tí kò ní ojú, tí ẹnu rẹ̀ sì gba gbogbo ikùn. Ó na apá dí ọ̀nà.

Ó ní, "Mo ní ìbéèrè kan. Bí o bá mọ̀ ọ́n, o lọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, màá so ọ́ mọ́ ẹ̀ka, ìwọ náà a máa ké. Kí ló lọ tí kò dé, tó padà tí kò délé?"

Òógùn bo Ọdẹ́jìnmí. Oòrùn ti wà ní ìdajì ọ̀run. Ó rò ó sí ẹja, ó rò ó sí ẹ̀jẹ́, gbogbo rẹ̀ kò bá a mu. Àní, èmi ìbá ti mọ̀ ọ́n kí ó tó pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n wọn kò bi mí. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà kékeré kan tí ó ṣì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá mi, mo ti bímọ o."

Ọdẹ́jìnmí kígbe pé, "Lẹ́tà tí wọ́n lé padà lẹ́nubodè ni! Kò dé ọ̀dọ̀ ìyá, kò sì padà sí ọkàn ẹni tó kọ ọ́." Iwin bébà náà fà ya sí méjì, ọ̀nà sì là.

Ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, ó dé ìlú kan tí ó mọ́ tónítóní, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Etí àwọn ará ìlú náà gùn, ó wọ́ nílẹ̀, wọ́n a sì máa dùbúlẹ̀ lé e bí ẹní. Ọba wọn ni Olúgbọ́. Bí Ọdẹ́jìnmí ti ń wọlé, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Káàbọ̀, ará ilé Àwẹ̀ró!"

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Kò tíì sọ ibi tí ó ti ń bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Olúgbọ́ ní, "Ọdẹ, jókòó. Ọ̀rọ̀ àṣírí ilé yín ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ṣebí ẹ̀ ń ké e láràárọ̀, etí wa ò sì di. Kí wọ́n tó ti ọ̀nà yẹn, a máa ń lọ síbẹ̀ láti sọ pé, 'Ará Òkè-Ìtura ni mí, Àwẹ̀ró,' wọ́n a sì ní ká kọjá. A ti kọ lẹ́tà tó pọ̀ lórúkọ yín."

Ọdẹ́jìnmí ní, "Lẹ́tà kí ni?"

Olúgbọ́ ka ọ̀kan sí i létí. Orúkọ ilé ìwòsàn ni ó wà níbẹ̀, wọ́n ní kí àwọn aboyún abúlé kan má mu oògùn wọn mọ́, nítorí oògùn náà ti bàjẹ́. Irọ́ gbáà ni. Ọdẹ́jìnmí rántí abúlé náà. Ó rántí obìnrin méjì tí wọ́n gbé wá láti ibẹ̀ lóṣù tí ó kọjá, tí gbogbo nọ́ọ̀sì ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò lo oògùn, tí wọ́n sì ń dáhùn pé, "Ẹ̀yin lẹ ní ká má lò ó mọ́." Ọ̀kan nínú wọn kò padà sílé.

Ìbínú gbé e dìde. Olúgbọ́ sì di apá rẹ̀ mú, ó fẹ́ kí ó jókòó, ó ní, "Má bínú. A ṣì ní ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tí a lè bá ọ fi àwòrán ọmọ rẹ ránṣẹ́ lónìí yìí. Ohun tí a fẹ́ kò ju pé kí o padà wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gba àrokò tuntun náà."

Ẹ wo bí ìdánwò ṣe ń wọṣọ rere! Ó ronú kan ẹsẹ̀ Ìbíyẹmí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó. Ó jẹ́wọ́ èyí fún mi, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ronú kan obìnrin tí kò padà sílé, òun náà ọmọ ẹnì kan ni. Ó sọ ìbọn kalẹ̀ láti èjìká, ó kọ ẹnu rẹ̀ sójú ọ̀run, ó sì yìn ín gbàù!

Yéè! Ẹ̀yin tí etí yín kò ju ìka mẹ́ta lọ, ìró ṣakabùlà a máa dùn yín. Kí ẹ wá ro ti ẹni tí etí rẹ̀ tó ẹní. Gbogbo ìlú ṣubú lulẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri, wọ́n fi etí wé orí. Ọdẹ́jìnmí sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, Adàwékọ ń mì jìgìjìgì lórí rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Rọra! Dígí ni àyà mi!"

Ìgbà tí ó dé Ẹnubodè Afẹ́fẹ́, ọjọ́ kẹta ni, oòrùn sì ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí. Ògiri ibẹ̀ ga dé ìkùukùu. Ìyá arúgbó kan ni ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kò sí lórí rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Bí ó bá fẹ́ wò ọ́, yóò la ọwọ́. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Oníbodè.

Ó la ọwọ́ ọ̀tún. "Ta ni ọ́?"

Ọdẹ́jìnmí gbọnra, ó ki ara rẹ̀ láti ìran baba dé ìran ìyá, ó ki àgbọ̀nrín tí ó pa, ó ki igbó tí ó sùn. Ìyá Oníbodè yán.

Ó ní, "Orúkọ lo sọ yẹn. Olè pàápàá lè ru orúkọ. Ta ló rán ọ?"

"Mátírọ́ọ̀nù Àwẹ̀ró ni, Ìyá."

"Ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onírúurú èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́, etí gbogbo wọn ló sì gùn." Ó la ọwọ́ kejì, ojú méjèèjì wá tẹjú mọ́ ọn. "Mo kọ ìwé mẹ́ta sí ilé yín. Ta ló gbà á?"

Ẹ̀rù tí kò bà á níwájú ẹkùn rí bà á. Ó lè ní ẹyẹ kò dé. Ó lè ní òjò ni ó pa ìwé náà. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, irọ́ sì ti dé eteetí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú méjèèjì náà kò ṣẹ́.

Ó wólẹ̀. "Èmi ni, Ìyá. Mi ò mọ̀wé kà. Mo fi méjì pọ́n áṣáà, mo jókòó lé ìkẹta. Ọmọ mi ló fẹ́ fẹsẹ̀ san án yìí."

Ìyá Oníbodè pa ọwọ́ méjèèjì dé fún ìgbà díẹ̀. "Dìde," ó ní. "Ọmọ tó jẹ́wọ́ ṣeé rán níṣẹ́. Ó kù kí n bi ẹni tó ni ọ́. Mi ò ní gba ẹnu rẹ gbọ́, mi ò ní gba ẹnu ẹ̀rọ rẹ gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún mi pé òun ló rán ọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo máa ń pè. Bí kò bá dáhùn, màá ti ọ̀nà mọ́ ilé yín títí oṣù mìíràn yóò fi lé."

Ó rán ẹyẹ funfun náà. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí Ọdẹ́jìnmí lè wò ó, Òkè-Ìtura sì hàn níbẹ̀ kedere. Mátírọ́ọ̀nù ń rìn lọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹyẹ náà bà lé orí òrùlé níbi tí ojú kò tó, ó ké pé, "Àwẹ̀ró!"

Mátírọ́ọ̀nù dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnìkan. Ó ti ẹnu pa, ó yára wọlé.

"Àwẹ̀ró!" Ẹyẹ náà tún ké. Mátírọ́ọ̀nù di etí, ó ní kí nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun má ṣe dá a lóhùn o.

Ìyá Oníbodè ní, "Kò mọ̀ ọ́ rí. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

Ọdẹ́jìnmí gbá ilẹ̀ mú. "Ìyá, ẹ dúró! Ẹ má jẹ́ kó pè é! Ẹ dákun, nílùú tiwa, a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Ìyá wa ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀ látorí ìkúnlẹ̀. Ohùn tó bá fara pamọ́ tó ń pe èèyàn lórúkọ, kì í ṣe tire. Bí ẹ bá pè é títí di ọ̀la, kò ní dáhùn."

"Kí ni kó wá ṣe?"

"Kó bọ́ sí gbangba, kó jẹ́ kí wọ́n rí i. Kó má pe orúkọ ẹnìkan. Kó kúnlẹ̀, kó kí i. Lẹ́yìn ìkíni, kó wá bi í ní ohun tó bá fẹ́ bi í."

"Ìkíni," ni Ìyá Oníbodè wí, bí ẹni pé kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ sétí afẹ́fẹ́.

Ẹyẹ náà fò wá sí ojú fèrèsé Mátírọ́ọ̀nù, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì kúnlẹ̀ lórí igi fèrèsé, ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o, Mà. Ẹ kú làálàá. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà."

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Mátírọ́ọ̀nù sún mọ́ fèrèsé. "Àmín o. Ẹyẹ tó mọ ìkíni báyìí, ilé ire ló ti wá. Kí ni mo lè ṣe fún ọ?"

"Ọdẹ kan wà lẹ́nubodè wa, ó ru ẹ̀rọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ rán an? Kí lẹ sì ní kó ṣe?"

"Ó débẹ̀? Ó wà láàyè?" Mátírọ́ọ̀nù fọwọ́ lé àyà. "Èmi ni mo rán an. Lẹ́tà ni kó fi ránṣẹ́ fún wa o, ìyẹn nìkan. Kò gbọdọ̀ ṣí ti ẹlòmíràn kà."

Ìyá Oníbodè já ewé tútù kan lára ìtàkùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi òwú pupa so ó mọ́ ẹyọ owó méjì, ó ta kókó kan sí òwú náà.

Ó ní, "Àrokò yín nìyí. Òwú yìí ń sọ ilé tí o ti wá, kókó yìí ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ láyè láti ṣe. Ewé yìí ló ni àkókò. Bó bá ti rọ, àrokò ti kú, kódà bí olè bá jí i, òkú ewé ló jí. Màá fún ọ ní ẹ̀ka ìtàkùn yìí kí ẹ gbìn ín sílé, òun ni ẹ ó máa já ewé tuntun lára rẹ̀. Gbé e lé ìránṣẹ́ yín lọ́wọ́, kó máa lọ. Oòrùn ń wọ̀."

Ọdẹ́jìnmí sọ Adàwékọ kalẹ̀, ó na ewé sí i. Ewé náà já bọ́ sílẹ̀. Ó tún nà án, ó tún já bọ́. Ìgbà yẹn ni ó tó rí ohun tí ó ti ń wò fún ọdún mẹ́tàdínlógún: Adàwékọ kò ní ọwọ́.

"Kọ́ ọ sórí!" ni ó kígbe. "Ṣebí bí o ṣe ń kọ́ ìwé sórí nìyẹn!"

Adàwékọ ní, "Ará Òkè-Ìtura ni mí. Ọ̀rọ̀ àṣírí mi ni Àwẹ̀ró."

"Wọn ò fẹ́ ìyẹn mọ́!"

"Ará Òkè-Ìtura ni mí. Ọ̀rọ̀ àṣírí mi ni Àwẹ̀ró."

Eteetí ewé ti ń ká kò. Ọdẹ́jìnmí ní, "Pọ àwòrán ọmọ mi jáde, kí èmi fi ọwọ́ mi mú àrokò, kí n gbé lẹ́tà náà kọjá fún ọ. Màá ṣe alárinà."

Ojú Adàwékọ tàn yòò. "Lẹ́tà mi? Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń rán lẹ́tà mi fúnra mi! Mi ò fi lé ẹnìkan lọ́wọ́ rí. Ta ni ọ́? Ẹni tó ń ṣí géètì!"

Ọdẹ́jìnmí gbé ìdí ìbọn sókè láti fọ́ dígí náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Bí ó bá fọ́ ọ, àwòrán náà bá a lọ. Ó gbé ìbọn sílẹ̀. Ọkùnrin tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ọba kan láìjanpata rí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi ni," ó ní. "Òun nìkan ni mo bí."

Ojú Adàwékọ rìn lọ láti apá kan dé apá kejì, ó tún padà, ó lọ jẹ́jẹ́. Ìgbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọdẹ, mi ò lè kọ́ nǹkan tuntun mọ́. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́."

"Èmi náà," ni Ọdẹ́jìnmí wí, ẹnu rẹ̀ kan ilẹ̀. "Mi ò mọ̀wé kà. Ojú tì mí láti sọ ọ́, òun ló gbé wa dé ibí."

Adàwékọ kérora, ikùn rẹ̀ kùn wọ̀ọ̀, àwòrán egungun Ìbíyẹmí sì yọ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì gbóná. Ọdẹ́jìnmí já a gbà, ó gbá àrokò mú, ó sì sáré wọ ẹnubodè. Ọ̀nà inú rẹ̀ gùn ju bí ojú ṣe rí i lọ. Bí ó ti ń sáré ni ewé ń rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pọ́n láti eteetí wọ àárín, oòrùn sì ti fara kan orí òkè. Ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ oníbodè ìkẹyìn, ibi tí ó ṣì tutù lára ewé náà kò ju èékánná lọ. Oníbodè náà gbé e sókè, ó wo òwú, ó wo kókó, ó fi ìka kan ibi tútù náà pẹ́.

Ó ní, "Kọjá."

Àwọn oníṣẹ́ abẹ gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ tí ó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Wọ́n wí sí ara wọn létí. Ọ̀gá wọn kọ èsì, ó sì fi ìránṣẹ́ tiwọn rán an lọ́wọ́ kan sí Òkè-Ìtura kí ó tó yíjú sí Ọdẹ́jìnmí.

Ó ní, "A ní kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ o. Ọmọ ìka kékeré méjì ni kí wọ́n gé, kí wọ́n sì fọ egungun tó kù. Ká ní ó yá jù báyìí lọ ni, ìka náà ì bá má lọ."

Ikú tí yóò pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́. Ọdẹ́jìnmí dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó sunkún ìka méjì náà gba gbogbo ọ̀nà délé, Adàwékọ lórí rẹ̀, ẹ̀ka ìtàkùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù lónìí, ẹ ó rí ìtàkùn nínú ìkòkò lójú fèrèsé. Àwọn ẹ̀rọ kékeré méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ní ọwọ́ tiwọn, wọ́n a máa já ewé fúnra wọn. Adàwékọ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n gbé àpótí alárinà kan jókòó tì í, yóò fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́, àpótí náà yóò mú àrokò, yóò sì máa lọ. Wọn kò fi oríkì ẹnìkan ṣe àṣírí mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù tí Ọdẹ́jìnmí kò tíì sọ nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí ó tó lè sọ ọ́. Ìbíyẹmí ti padà sídìí òfì, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kejì di ìtẹsẹ̀ mú, ó ń hun aṣọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tiro bí ó bá dìde. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí.

Ó ní, "Ìbíyẹmí. Ìwé mẹ́ta tí Mátírọ́ọ̀nù ń wá ẹni tó gbà á. Èmi ni. Mi ò lè kà á, mi ò sì lè sọ pé mi ò lè kà á."

Ọ̀kọ̀ tí ó fi ń hunṣọ dúró lọ́wọ́ ọmọ náà. Kò yíjú padà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fi rò pé òun ti pàdánù rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ tí ó ń hun. Lẹ́yìn náà ni ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tiro lọ sínú yàrá, ó tiro padà pẹ̀lú pátákó kan àti èédú.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jókòó."

Ó jókòó. Ọmọ rẹ̀ kọ nǹkan kan sórí pátákó, ó ní kí ó wí i tẹ̀lé òun. A. Bàbá wí i. B. Bàbá wí i.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn, wọ́n wà lórí D, nígbà tí mo yà kí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọdẹ́jìnmí wojú mi, kò fi pamọ́ fún mi. Èmi náà wo pátákó yẹn, mo sì mọ̀ pé ohun tó wà lórí rẹ̀, n kò mọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Mo gbé ìbọn mi ti ògiri. Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì í.